Ibi Tí Ìlà Náà Ti Tẹ́ Pẹrẹsẹ

Láptọ́ọ̀pù tuntun tí mo rà lẹ́yìn tí ti àtijọ́ kú ló bẹ̀rẹ̀ wàhálà yìí. Ojú rẹ̀ mọ́ roro, gbogbo ẹni tó bá rí i ló ń yìn ín, àmọ́ lẹ́tà inú rẹ̀ kéré bí ẹyin iná orí. Èmi tí mo ti ń máàkì ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé láti àárọ̀, bí mo bá délé lọ́sàn-án tí mo jókòó ti iṣẹ́ gbígba orin sílẹ̀, ńṣe ni mo máa ń na ọrùn títí imú mi yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan kọ̀ǹpútà náà. Ojú ló kọ́kọ́ máa ń rẹ̀ mí, kí ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.

Olùkọ́ ni mí ní ilé ìwé girama kan ní Adó-Èkìtì. Èmi náà sì ni ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa gbé iṣẹ́ gbígba orin lé lọ́wọ́, nítorí pé mo ṣèèṣì sọ níjọ́ kan ní ìpàdé pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó bi mí bóyá ó rẹ̀ mí. Wọ́n á kọrin ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n á jẹun, wọ́n á lọ sùn, èmi ni yóò kù pẹ̀lú ikọ́ wọn, ìró àga wọn, àti ohùn àwọn onítẹ́nọ̀ tí wọ́n máa ń ṣáájú gbogbo ayé wọlé sínú ègbè. Yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná mi ni mo ti ń ṣe é. Mo gbé bẹ́ẹ̀dì ògbólógbòó kan ti ògiri kí ohùn má baà máa gbọ̀n níbẹ̀, mo sì fi aṣọ nípọn bo fèrèsé.

Mo kọ́kọ́ ní kí kọ̀ǹpútà náà sọ ohun gbogbo di ńlá. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Lẹ́tà tóbi, àwòrán tóbi, bọ́tìnnì tóbi, títí àwọn bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ fi já bọ́ kúrò lójú kọ̀ǹpútà. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìgbohùn gan-an wà lára wọn. Mo wá a títí, mo ṣépè fún ẹni tó ṣe é, mo sì dá gbogbo rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà ni mo lọ síbi àwọ̀. Dúdú ni wọ́n fi kun sọ́fúwíà tí mo fi ń gba orin láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é, dúdú bí aṣọ ọ̀fọ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì jẹ́ eérú. N kò mọ ẹni tó sọ fún wọn pé inú òkùnkùn ni àwa tí à ń gba orin ń gbé. Mo sọ ọ́ di funfun, orí mi sì fúyẹ́ díẹ̀.

Èyí tó pọ́n mi lójú jù ni fífa àwòrán ohùn gùn. Bí èèyàn bá ń kọrin, kọ̀ǹpútà máa ń ya ohùn rẹ̀ bí òkè kéékèèké tó tò tẹ̀ lé ara wọn, ibi tí ohùn bá ti lágbára ni òkè náà á ti ga, ibi tí ẹnu bá ti dákẹ́ ni á ti di ìlà tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí mo bá yí kẹ̀kẹ́ orí máòsì pé kí n sọ̀kalẹ̀ síbi ohùn áọ́tò, kàkà kí ó sọ̀kalẹ̀, ńṣe ni á fa àwòrán náà gùn sí ọ̀tún àti òsì, tí n kò ní mọ ẹsẹ orin tí a wà mọ́. Mo fi ọ̀pọ̀ ọ̀sán jagun yìí kí n tó rí i nínú sẹ́tìnsì pé mo lè pa á láṣẹ kí ó máa fà á gùn láti ibi tí mo bá na máòsì sí nìkan. Lọ́jọ́ náà, inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n gbé ga lẹ́nu iṣẹ́, ìgbéga tí mo ṣì ń retí.

Inú ayọ̀ yẹn ni mo wà nígbà tí mo rí sẹ́tìnsì mìíràn, èyí tó ń mú kí àwọn òkè náà ga sí i lójú. Kò fi nǹkan kan kún ohùn fúnra rẹ̀. Àwòrán nìkan ló ń gbé ga, kí àwa tójú wa ti ń lọ lè rí i dáadáa. Mo gbé e ga dé ibi tó wù mí, mo ní kí iṣẹ́ tuntun gbogbo tí mo bá ṣí máa wá bẹ́ẹ̀, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Àsìkò náà ni mo lọ mú màámi wá láti Ìyìn.

Ìyìn kò jìnnà sí wa, àwọn mìíràn ń jí lọ ṣiṣẹ́ ní Adó láti ibẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n màámi kò fẹ́ràn kí ó kúrò nílé ọkọ rẹ̀. Bàbá mi ti kú, oko ti di igbó, síbẹ̀ ó jókòó sí yàrá tí wọ́n gbé e wá nígbà tó jẹ́ ìyàwó tuntun. Ó ní gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn. Ó ti ní in kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí mo wà léwe, mo máa ń fọwọ́ pa á bí ó bá gbé mi sí ẹ̀gbẹ́, mo rò pé gbogbo ìyá ló máa ń ní i. Ìborùn ló fi ń bò ó, kò sì dí i lọ́wọ́ títí di àìpẹ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, tí èémí rẹ̀ ń dún bí fèrè tó dí.

Dókítà tó rí wa ní ilé ìwòsàn jẹ́ ọ̀dọ́, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ó ní wọ́n á gé e kúrò. Ó ní iṣan tó ń gbé ohùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, àwọn á ṣọ́ra, ṣùgbọ́n ohùn màámi lè máà padà bó ṣe wà, ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni yóò kù fún wọn.  Màámi ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

A dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń forúkọ aláìsàn sílẹ̀. Ó béèrè ọjọ́ orí, ó béèrè ìlú, ó wá ní kí màámi sọ orúkọ ọkọ wọn. Màámi wò mí. Ní ilé wa ní Ìyìn, obìnrin kì í pe orúkọ ọkọ rẹ̀, kì í sì í pe orúkọ ẹni tí wọ́n ti bí sínú ilé náà kó tó débẹ̀, kódà bó jẹ́ ọmọ jòjòló. Orúkọ tó wu òun fúnra rẹ̀ ló máa fún wọn. Àbúrò bàbá mi kan wà tí màámi ń pè ní Akọ̀wé láti ìgbà tí kò tíì mọ ìwé kà. Bàbá mi ni ó ń pè ní Ẹni-ulé, ìyẹn ẹni tó ni ilé, ohun náà ló sì pè é títí a fi sin ín. Èmi ẹ̀wẹ̀, ta ni yóò la ẹnu pe orúkọ bàbá rẹ̀ gbàgàdà níwájú ìyá rẹ̀? Mo gba bírò lọ́wọ́ obìnrin náà, mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ó wo àwa méjèèjì bí ẹni pé a jí ọkọ náà ni.

Oríta Fájuyì ni a ti máa ń sọ̀kalẹ̀ wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sílé. Ọ̀kadà ń sáré gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, oòrùn mú, mo ń wá ibi tí màámi máa fìdí lé. Ó fà mí láṣọ.

“Ẹ̀rọ tí o fi ń gba orin àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé ọ́ lè gba tèmi?”

Mo ní, “Orin wo, màámi?”

“Orin àwa obìnrin ulé. Ọ́ ti ku èmi nìkan tí mọ mọ̀ ọ́n dópin. Gbà á kí wọ́n tó gé mi lọ́fun.”

Mo ní kí màámi má sọ bẹ́ẹ̀, pé gẹ̀gẹ̀ ni àwọn dókítà fẹ́ gé. Màámi ní ọ̀kan náà ni.

Orin tí ó ń sọ ni èyí tí àwọn ìyàwó ilé máa ń kọ fún ìdílé ọkọ wọn, bí ọmọ ilé bá ti ìrìn àjò dé tàbí tí wọ́n bá ń gbé ìyàwó tuntun wọlé. Ẹsẹ kan ń yin ilé, òmíràn ń yin ọkọ. Bí orin bá dé ibi tí orúkọ yẹ kó ti wọlé, àwọn ìyàwó á pa ẹnu mọ́. Àwọn ọmọ-osú, ìyẹn àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n bí sínú ilé náà, ló ní ẹ̀tọ́ láti pe orúkọ síbẹ̀, wọ́n á sì fi ariwo pè é, kí ó lè dun àwọn ìyàwó pé àwọn kò lè pè é. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ. Àwọn àbúrò bàbá mi obìnrin ló ń pè é nígbà náà, tayọ̀tayọ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó kù láyé.

Màámi sọ fún mi nínú ọkọ̀ pé, “Ùwọ ni ọmọ-osú báyìí. Èmi á kọ tèmi, á pa ẹnu mọ́ níbi orúkọ. Ùwọ ni o máa pè é sí ibẹ̀.”

Mo dáhùn pé ó dáa. Ó ti rẹ̀ mí jù láti jiyàn. Mo rò ó nínú mi pé orúkọ tí mo fi bírò kọ fún obìnrin tó ń forúkọ sílẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ariwo pè é?

Àárọ̀ Sátidé tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ náà ni a gbà á. Mo pa fáànù. Mo bẹ aládùúgbò wa, Àlùfáà tó ń ránṣọ, pé kí wọ́n bá mi sinmi ẹ̀rọ wọn díẹ̀. Wọ́n ní kò sí wàhálà, pé Ọjà Ọba tilẹ̀ ni àwọn ń lọ, òwú ti tán. Mo gbé máíkì síwájú màámi, ńṣe ni wọ́n ń fi àga wọn sún sẹ́yìn. Mo sún un mọ́ wọn, wọ́n tún sún sẹ́yìn. Wọ́n ní ó dà bí ẹnu ẹnìkan, àwọn kì í fi ẹnu kan ẹnu ẹni tí àwọn kò mọ̀. Mo fi í sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ náà ti tán mi lókun, ìdánwò àwọn ọmọ ilé ìwé ti dé, orí ń fọ́ mi, n kò sì lè fara da hẹ́dífóònù létí. Mo ní ojú ni n ó fi ṣọ́ ọ.

Màámi bẹ̀rẹ̀. Ohùn wọn kò ròkè, gẹ̀gẹ̀ kò jẹ́. Ṣùgbọ́n lójú kọ̀ǹpútà, àwọn òkè náà ga, wọ́n sanra, wọ́n kún. Mo wò wọ́n, ọkàn mi balẹ̀. Mo tilẹ̀ ń sọ ọ́ lọ́kàn ara mi pé ohùn tó kún tó báyìí, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ akọrin wa kò ní in. Bí orin bá dé ibi orúkọ, màámi á dákẹ́, á wo ọwọ́ ara wọn, ìlà á tẹ́ pẹrẹsẹ, lẹ́yìn náà á tún gbé orin. Ní ẹsẹ ìgbẹ̀yìn, èyí tí wọ́n fi ń yin ọkọ, ìdákẹ́ náà pẹ́ díẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Wọ́n tẹ orí ba. Mo rò pé èémí wọn ni kò tó.

Nígbà tí a parí, wọ́n ní, “Má jẹ́ kí ó pẹ́ kí o tó pè é sí i.”

Mo ní n kò ní jẹ́ kó pẹ́. Ó pẹ́.

Iṣẹ́ abẹ náà lọ dáadáa, a dúpẹ́. Èémí wọn ń lọ geere. Ṣùgbọ́n ohùn wọn kò bá wọn ti yàrá iṣẹ́ abẹ jáde. Atẹ́gùn ló kàn ń jáde, èèyàn ní láti gbé etí sí ẹnu wọn kó tó gbọ́. Dókítà ní ó lè padà bó bá yá, ó sì lè máà padà, kí a ní sùúrù. Mo ní mo gbọ́. Nílé, wọ́n ń fi ṣíbí lu ife bí wọ́n bá fẹ́ pè mí. Mo máa ń gbọ́ ife náà nígbà tí mo bá ń rokà, nígbà tí mo bá ń wẹ̀, nígbà tí mo bá ń gbádùn ìjókòó ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó máa ń bí mi nínú, mo sì máa ń kórìíra ara mi pé ó bí mi nínú. Lọ́jọ́ kan mo dúró ti síǹkì nínú ilé ìdáná, mo sunkún, nítorí mo rántí pé ìyá yìí ni ẹni tó máa ń dúró ní ẹnu ọ̀nà oko pe orúkọ mi tí mo ń gbọ́ ọ láti odò.

Ohun tó ń tù mí nínú ni pé orin náà wà nílẹ̀. Mo ti gbà á. Bí ohùn kò bá tilẹ̀ padà, ó wà níbẹ̀.

Sọ́fúwíà náà bá sọ ara rẹ̀ dọ̀tun láìbi mí. N kò mọ ohun tí mo tẹ̀. Mo ṣí i ní ọ̀sán kan kí n lè wá àyè pe orúkọ sínú orin màámi, mo rí i pé gbogbo wàhálà mi ti di asán. Ó ti padà di dúdú. Lẹ́tà ti padà di ẹyin iná orí. Kẹ̀kẹ́ máòsì tún ti ń fa ohun gbogbo gùn bó ṣe wù ú. Mo mí kanlẹ̀, mo wá iṣẹ́ màámi, mo ṣí i.

Kò sí òkè kankan níbẹ̀. Ìlà kan ló wà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tín-ín-rín bí òwú, ó kàn ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀.

 Mo rò pé ó ti nù. Mo pa á, mo tún un ṣí, ìlà náà ló wà níbẹ̀. Mo ki hẹ́dífóònù sétí, mo ní kó máa kọ, mo gbọ́ nǹkan kan tó dà bí ẹni tó ń kọrin ní ilé kẹta. Ìgbà náà ni mo lọ sínú sẹ́tìnsì, mo rí ibi tí mo ti gbé àwòrán ga nígbà kan rí, ó ti padà sílẹ̀. Ó wá yé mi. Ohun tí mo rí ní Sátidé náà kì í ṣe ohùn màámi. Èmi fúnra mi ló fa àwòrán náà ga nítorí ojú mi. Ohùn wọn gan-an kò tó nǹkan, máíkì jìnnà sí wọn, n kò sì gbé ìgbohùn sókè nítorí mo rí òkè tó sanra, mo sì gbà á gbọ́. Kò sí bí mo ṣe lè ní kí wọ́n tún un kọ. Kò sí ohùn tí wọ́n máa fi kọ ọ́.

Mo bínú sí kọ̀ǹpútà. Mo bínú sí ẹni tó ronú pé ó dára kí àwòrán máa ga tí ohùn kò ga. Mo bínú sí orí tó ń fọ́ mi lọ́jọ́ náà, mo bínú sí ìdánwò ilé ìwé, mo tilẹ̀ bínú sí àga tí màámi fi ń sún sẹ́yìn. N kò sọ fún wọn. Mo gbé oúnjẹ wọn fún wọn, mo ní iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń ṣe.

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ọ̀sán tí mo bá rí àyè ni mo fi ń gbé ohùn náà sókè díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá gbé ohùn, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á bá a gòkè. Fíríìjì gòkè. Adìyẹ gòkè. Àlùfáà gòkè pẹ̀lú, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ti géètì wọn, tí wọ́n ń kí ẹnìkan kí wọ́n tó lọ sí ọjà. Mo ń din ìyẹn kù, mo ń fi èyí sílẹ̀, mo ń padà sẹ́yìn, mo ń tún un ṣe. Ọwọ́ mi ń dun mí dé èjìká. Nígbà tó yá, màámi bẹ̀rẹ̀ sí í súnmọ́ tòsí. Kò dà bí ẹni tó jókòó níwájú mi, ó dà bí ẹni tó ń kọrin ní ẹ̀yìnkùlé, ṣùgbọ́n òun ni, pẹ̀lú bó ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ ìparí bí ẹni tí kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Mo gbọ́ ọ títí dé òpin, mo wá fi ẹ̀yìn ti àga. Iṣẹ́ náà ti bọ́ sí i.

Ó wá kù kí n pe orúkọ sí i.

Kí n lè mọ ibi tí n ó ti wọlé gan-an, mo fa àwòrán náà gùn sí ẹ̀gbẹ́, mo tún gbé e ga, lọ́tẹ̀ yìí mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ìdákẹ́ àkọ́kọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju fíríìjì tó rí bí irun wẹ́wẹ́. Ìdákẹ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo dé ẹsẹ ìgbẹ̀yìn. Láàárín ìlà tó tẹ́ pẹrẹsẹ náà, nǹkan kan yọ kókó, kékeré bí ẹyọ ìrẹsì tó wà lábẹ́ aṣọ tábìlì. Mo ní ìró àga ni. Irú wọn pọ̀ nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́ akọrin, ńṣe ni mo máa ń fi máòsì bò wọ́n tí mo máa ń pa wọ́n rẹ́ láìgbọ́ wọn. Mo ti fi máòsì bo èyí náà. Ìka mi ti wà lórí bọ́tìnnì. Ṣùgbọ́n ojú mi ti tàn mí jẹ lẹ́ẹ̀kan lórí orin yìí, n kò sì fọkàn tán an mọ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ fi etí gbọ́ ọ.

Orúkọ bàbá mi ni.

Kì í ṣe Ẹni-ulé. Orúkọ rẹ̀ gan-an, èyí tí ìyá rẹ̀ ń pè é, láìsí bàbá níwájú, láìsí oyè. Màámi sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí èèyàn ṣe máa ń pe ẹni tó sùn láti mọ̀ bóyá ó ti jí. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí láti ìgbà tí mo ti dáyé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé bàbá mi sọ̀kalẹ̀ sínú ilẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pariwo orúkọ rẹ̀, Ẹni-ulé mi ni màámi ń sọ. Mo tún un gbọ́. Mo tún un gbọ́ sí i. Mo bọ́ hẹ́dífóònù, mo gbé e sílẹ̀.

Ife dún ní pálọ̀. N kò dìde. Ó tún dún, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ń fi ògiri tọ́nà bọ̀. Wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá pẹ̀lú ife lọ́wọ́, wọ́n wo ojú mi.  Mo fa àga fún wọn. Mo yọ wáyà hẹ́dífóònù, mo ní kí ẹsẹ ìgbẹ̀yìn máa lọ.

Wọ́n gbọ́ ara wọn. Ojú wọn kọ́kọ́ dán, wọ́n ń mi orí sí orin. Ó dé ibi ìdákẹ́. Orúkọ náà jáde, wẹ́rẹ́, láti inú kọ̀ǹpútà. Màámi fi ọwọ́ bo ẹnu.

Mo ní, “Màámi, ṣé kí n yọ ọ́?”

Wọ́n mi orí pé rárá. Wọ́n fà mí lọ́wọ́, mo gbé etí sí ẹnu wọn. Òórùn òògùn ọgbẹ́ ṣì wà lọ́rùn wọn.

“Mọ rò pé ẹ̀rọ kò ní gbọ́,” wọ́n ní. Wọ́n sinmi kí wọ́n tó sọ ìyókù. “Wọ́n ní ohùn mi ń lọ. Mọ ní kí n fi pè é lẹ́ẹ̀kan, kí ó tó lọ.”

 Mo di ọwọ́ wọn mú. Wọ́n fi àgbọ̀n júwe máíkì.

“Ùwọ náà pè é. Pè é sókè, kí wọ́n má gbọ́ tèmi lábẹ́ rẹ̀.”

Mo gbé máíkì súnmọ́ ẹnu mi. Mo ki hẹ́dífóònù sétí, mo wo ibi tí ìgbohùn ga dé, mo tún un wò. Orin ń bọ̀, màámi ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, ó dé ibẹ̀, ó pa ẹnu mọ́. Mo pe orúkọ bàbá mi. Mo pè é bí àwọn àbúrò rẹ̀ ṣe ń pè é, gbàgàdà, ohùn mi sì fọ́ sí méjì ní ìparí rẹ̀. N kò tún un ṣe. Lójú kọ̀ǹpútà, tèmi dúró bí òkè gidi, ẹyọ ìrẹsì náà sì wà ní ìlà ìsàlẹ̀ rẹ̀, n kò fọwọ́ kàn án. Mo to àwòrán náà kí àwọn méjèèjì lè hàn pọ̀, mo sì fi í pamọ́ bẹ́ẹ̀, pé ìgbàkígbà tí mo bá ṣí orin yìí, bó ṣe máa rí nìyẹn.

Màámi ní kí n jẹ́ kí ẹ̀rọ tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó dé ibi tí ìlà náà ti tẹ́ pẹrẹsẹ, n kò wo kọ̀ǹpútà, ètè wọn ni mò ń wò. Wọ́n pè é. Kò sí ohùn kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé wọ́n pè é.